Ìyẹ̀fun Inú Agolo àti Oríkèé Ẹṣin

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹṣin tí a gùn kò ní ibòmíràn tí yóò bọ́ sí. Ẹlẹ́ṣin sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní. Ẹṣin dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó fi gbé e láti òwúrọ̀, a sì so ó mọ́ èèkàn. Bí oríkèé bá ń ro ó, kò ní ẹnu tí yóò fi sọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹṣin sọ̀rọ̀ nínú ìwé ọdún yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń háyà rẹ̀ fún ọjọ́ ọdún, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń dúró wò ó lẹ́bàá ọ̀nà tí orí yín ń wú. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti ẹsẹ̀ gígan tí ń bá ẹṣin jà, àti ti àwọn ìyẹ̀fun inú agolo tí a ń tà pé wọ́n ń wò ó.

A kì yóò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Èrò wa ni pé ìyẹ̀fun wọ̀nyí ń tu olówó ẹṣin nínú ju bí wọ́n ti ń tu oríkèé ẹṣin lára lọ. A kò wí pé májèlé ni wọ́n. A kò sì wí pé ẹni tí ó rà wọ́n jẹ́ aṣiwèrè, nítorí èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti rà wọ́n rí. Ohun tí a ń wí ni pé bí a bá fi agolo rọ́pò ìtọ́jú, a ń fi owó ra ìfọ̀kànbalẹ̀ fún ara wa ni, ẹranko náà sì wà nínú ìrora rẹ̀ bí ó ti wà.

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti ń wá, nítorí eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri nínú igbó kì í jẹ́ kí wọn pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa. Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi ẹlẹ́ṣin jagun, ó fi wọ́n ṣe alágbára. Àwọn ará Ìlọrin, inú oríkì wọn ni ẹṣin wà títí di òní. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin jáde, ìlù a máa dún, ìbọn a máa ró, eruku a sì bo ojú ọ̀run. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn, àwọn mìíràn ń fi ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù pólò. Gbogbo èyí dára lójú, ó sì jẹ́ ẹ̀yẹ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè pé: ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, níbo ni ẹṣin náà wà? Púpọ̀ nínú wọn wà lórí okùn, níwájú ìbùjẹ, láti oṣù dé oṣù. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni a óò tú wọn, a óò dì wọ́n ní gàárì, a óò sì mú wọn sáré lórí títì ọ̀dà bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Àbúrò bàbá mi kan ní ẹṣin dúdú kan tí ó ti dàgbà. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gan tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi rìn bí ẹni tí ń tẹ iná. Mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ kan pé ìyẹ̀fun kan wà tí àwọn òyìnbó fi ń bọ́ ẹṣin eré ìje wọn, pé oríkèé tí ó ti gbẹ a tún máa rọ̀. Owó rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n mo rà á, mo sì kó o fún ọmọkùnrin tí ń tọ́jú ẹṣin náà pé kí ó máa pò ó mọ́ èèrí ọkà bàbà ní àràárọ̀. Nígbà tí oṣù kẹta fi pé, ẹṣin náà ń rìn dáadáa. Mo yọ̀ gidigidi. Mo sọ fún ẹni gbogbo tí ó fẹ́ gbọ́, mo sì tún sọ fún àwọn tí kò bèèrè.

Òjò dé, ó sì rọ̀ dáadáa. Ní àárín òjò náà, ẹsẹ̀ ẹṣin tún gan, bẹ́ẹ̀ agolo kò tíì tán. Ojoojúmọ́ ni ó ń jẹ ìyẹ̀fun rẹ̀. Mo bá ọmọkùnrin náà wí pé kò fún un pé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń fún un. Ohun tí mo fi sílẹ̀ kò ju pé n kò mú un lọ sí odò mọ́." Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé kànga agboolé ti gbẹ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọkùnrin náà sì ti ń fa ẹṣin lọ sí odò láti mu omi ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà tí kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó tó láti mú ara gbóná. Nígbà tí òjò kún kànga, ó ń pọn omi fún un níbi tí ó so ó mọ́. Mo ní kí ó tún máa mú un lọ, kànga ìbáà kún, kí ó má kún. Kí oṣù méjì tó pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún rọ̀ díẹ̀. Agolo ti tán nígbà náà, a kò sì ra òmíràn.

Ẹṣin kan kò tó ẹ̀rí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí yìí ni ó mú kí n wádìí bí oríkèé ẹṣin ti rí, àti ohun tí àwọn onímọ̀ ti bá pàdé nípa ìyẹ̀fun náà.

Oríkèé ni ibi tí eegun ti pàdé eegun. Orí eegun kọ̀ọ̀kan ní ìbòrí kan, eegun rírọ̀ tí ó ń dán bí inú ìkarahun ìgbín. Láàárín wọn ni omi kan wà tí ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, òun ni kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Eegun rírọ̀ yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí yóò gbé oúnjẹ wá fún un. Láti inú omi oríkèé ni ó ti ń jẹun. Nígbà tí ẹṣin bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, a fún eegun rírọ̀ náà bí a ti ń fún kànìnkànìn. Nígbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tún fa omi mu. Nítorí náà, ìrìn ni ó ń bọ́ oríkèé. Ẹṣin tí a dá dúró sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́, ebi ń pa oríkèé rẹ̀, ìbáà ṣe pé oúnjẹ kún ìbùjẹ rẹ̀ títí dé etí. Ẹranko tí a dá láti máa jẹ koríko kiri pápá ní ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ ni, a kò dá a fún èèkàn.

Ẹ tún fi ti ìwúwo kún un. Bí a bá pín ìwúwo ẹṣin sí ọ̀nà 5, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ó ń ru nǹkan bí 3 nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó bá sáré, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo a máa gba ẹrù tí ó ju ìwúwo gbogbo ara rẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá wá mú un dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì kí àwọn òǹwòran lè pàtẹ́wọ́, gbogbo ẹrù náà bọ́ sórí oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí eegun rírọ̀ bá sì ti họ, kì í hù padà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń pè ní làkúrègbé nìyẹn, ìyẹn ni ó sì ń mú kí ẹṣin gan lówùúrọ̀, tí yóò sì máa tú díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ti rìn.

Kí ni ó wà nínú agolo náà? Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni èròjà tí à ń pè ní glucosamine, tí a ń yọ láti ara ìkarahun edé àti ti akàn. Èkejì rẹ̀ ni chondroitin, tí a máa ń rí nínú eegun rírọ̀ màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀. A tún máa ń fi MSM kún un, èròjà kan tí ó ní imí ọjọ́ nínú; àwọn mìíràn a sì fi epo ẹja sí i. Àwọn tí ń tà á wí pé nítorí pé ara ń lo irú èròjà bẹ́ẹ̀ láti fi kọ́ eegun rírọ̀, bí ẹṣin bá jẹ ẹ́, yóò lọ tààrà sí oríkèé láti tún un kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ràn ojú ẹja ì bá máa ríran lábẹ́ omi. Ikùn wà láàárín ẹnu àti oríkèé, ikùn a sì máa lọ nǹkan kúnná kí ó tó pín in.

Àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà dán èyí wò ní ọdún 2005. Wọ́n fún ẹṣin ní glucosamine ní ìwọ̀n tí àwọn ènìyàn ń lò, wọ́n sì wo èyí tí ó dé inú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọ̀nà 100 tí ẹṣin gbé mì, kò tó 6 tí ó dé ibẹ̀. Èyí tí ó dé inú omi oríkèé tún kéré sí i gidigidi. Bí agolo bá wí pé kí a bù gíráàmù 10 fún ẹṣin lójúmọ́, a jẹ́ pé ohun tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì gíráàmù kan lọ, nínú ẹranko tí ó wúwo ju ọkùnrin mẹ́rin lọ.

Wọ́n tún ti wo ìrìn ẹṣin fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìrìn ni a ń wá. Ní ọdún 2006, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a fún àwọn àgbà ẹṣin kan ní glucosamine pẹ̀lú chondroitin, a fún àwọn mìíràn ní ohun tí kò ní oògùn nínú. A sì rí i pé ìgbésẹ̀ àwọn tí ó jẹ ìyẹ̀fun gùn sí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, ní ilẹ̀ Netherlands, a dán irú rẹ̀ wò lára arúgbó ẹṣin àti ẹṣin kúkúrú tí iye wọn jẹ́ 24, fún oṣù mẹ́ta. A kò rí ìyàtọ̀ kankan tí ó dára nínú ìrìn wọn. Nígbà tí ẹlẹ́rìí kan wí pé bẹ́ẹ̀ ni, tí èkejì wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, adájọ́ tí ó ní làákàyè kì í tíì dá ẹjọ́. Ó sì yẹ kí ẹni tí ń tajà jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò wí pé ẹjọ́ ti parí.

Èyí tí ó burú jù ni ti àkọlé ara agolo. Ní ọdún 2006 kan náà, àwọn onímọ̀ ní Kánádà ra irú ìyẹ̀fun yìí 23, wọ́n wọn glucosamine tí ó wà nínú wọn, wọ́n sì fi wé ohun tí a kọ sí ara wọn. Nínú 9, ohun tí ó wà nínú agolo kò tó èyí tí a kọ. Nínú 4, kò tilẹ̀ tó ọ̀nà 30 nínú 100. Ìdí nìyí: oúnjẹ àfikún ni a ń pe nǹkan wọ̀nyí, a kì í pè wọ́n ní oògùn, nítorí náà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè a kì í mú ẹni tí ń ṣe wọ́n ní dandan láti fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ kí ó tó tà wọ́n. Ìyá alágbàdo tí kóńgò rẹ̀ kò bá kún, ẹnu ọjà ni a óò ti mú un. Agolo tí kò kún, ta ni yóò mú un?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò wí pé, "Mo fún ẹṣin mi, ó sì sàn. Ojú mi ni mo fi rí i." N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìgbà wo ni a máa ń ra agolo? Nígbà tí ẹsẹ̀ bá gan jù lọ ni, nígbà ọyẹ́ tàbí lẹ́yìn ọdún tí a ti gùn ún kọjá agbára rẹ̀. Ọyẹ́ yóò kọjá, ooru yóò dé. Ọdún yóò parí, ẹṣin yóò sinmi. Ẹni tí ó náwó sórí ẹṣin rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó dáadáa, yóò wo pátákò rẹ̀, yóò dín ẹrù rẹ̀ kù. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, a óò fi ọpẹ́ fún ìyẹ̀fun. Òjò tí ó rọ̀ lẹ́yìn tí àkùkọ kọ, kì í ṣe àkùkọ ni ó pè é.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Bí kò bá ṣe é ní oore, kò pa á lára, kí ni ó burú nínú rẹ̀?" Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ̀wé yìí. Ohun tí ó burú ni owó àti àkókò. Owó tí a fi ra agolo ni a kò fi pe ẹni tí ń rẹ́ pátákò. Oṣù mẹ́ta tí a fi ń dúró de ìyẹ̀fun ni eegun rírọ̀ fi ń họ lọ. Ọkàn tí ì bá máa dà wá láàmú ti sùn, nítorí pé a ti "ṣe nǹkan". Bí ọmọ bá ń ké, tí a fi owú dí etí wa, ilé yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, nítorí kò tọ́ kí a gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ láìfún un ní òmíràn.

Ìkíní ni pátákò. Kí a máa rẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Pátákò tí ó gùn jù níwájú ń fa iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó sì ń yí oríkèé kúrò ní ipò rẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Fi ara rẹ sí ipò ẹni tí ó wọ bàtà tí ó gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ láti ọdún dé ọdún.

Ìkejì ni ìrìn. Kí a tú ẹṣin kúrò lórí okùn lójoojúmọ́, kí a fà á rìn ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tàbí kí a sọ ọ́ sí ọgbà kí ó máa jẹ kiri. Kí ó tó sáré, kí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rọra rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹṣin tí yóò jáde ní ọjọ́ ọdún, kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, díẹ̀díẹ̀.

Ìkẹta ni ìwúwo, ti ẹṣin àti ti ẹni tí ń gùn ún. Bí a bá fi ọwọ́ kan ìhà ẹṣin, ó yẹ kí a mọ egungun ìhà rẹ̀ lára láìjẹ́ pé ojú ń rí i ketekete. Ẹṣin tí ó sanra jù, oríkèé rẹ̀ ni ó ń san owó oúnjẹ náà. Ní ti ẹlẹ́ṣin, ìmọ̀ràn tí a sábà ń fúnni ni pé kí ẹlẹ́ṣin àti gàárì rẹ̀ má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ẹṣin lọ. Ẹṣin tí ó wúwo tó kílò 300, kílò 60 ni ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ẹ̀yin àgbà olóyè: gàárì, aṣọ àlà, agbádá, ìlẹ̀kẹ̀, àti ẹni tí ó wọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá wúwo jù, kí ó wá ẹṣin tí ó tóbi sí i, tàbí kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gùn ún, kí òun fi ẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀. Iyì rẹ̀ kì yóò dín.

Ìkẹrin ni ilẹ̀. Títì ọ̀dà le, ó sì máa ń yọ̀. Kí a máa rọra rìn lórí rẹ̀, kí a fi eré sísá sí orí iyẹ̀pẹ̀. Ibi tí ẹṣin ń sùn, kí ó gbẹ, kí koríko gbígbẹ tàbí yanrìn wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó lè dùbúlẹ̀ sinmi.

Ìkarùn-ún ni ìyẹ̀fun. Ẹ rí i pé mo fi sí ìkẹyìn, n kò yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí ó bá ti ṣe mẹ́rin ìṣáájú, tí owó sì kù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran, kí ó ra èyí tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ó sì dán an wò fún oṣù mẹ́ta láìyí ohun mìíràn padà. Ṣùgbọ́n kí ó fi nǹkan wọ̀n ọ́n, kí ó má fi ìfẹ́ inú rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà àtiwọ̀n ọ́n kò ṣòro. Tẹ́ yanrìn tútù sí ojú ọ̀nà gígùn kan, kí o fa ẹṣin kọjá lórí rẹ̀ ní ìrìn tí ó mọ́ ọn lára. Wo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tí ara rẹ̀ dá, ipa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a máa bọ́ sórí ipa ẹsẹ̀ iwájú tàbí kí ó kọjá rẹ̀; bí ara bá ti gan, ti ẹ̀yìn kì í dé ibẹ̀ mọ́. Fi okùn wọn àlàfo náà, ta kókó sí i, kí o fi okùn náà pamọ́. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí kan náà lówùúrọ̀, tún un ṣe, kí o jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ pé o ń fún un ní ìyẹ̀fun bá ọ wọ̀n ọ́n. Bí kókó kò bá sún láàárín oṣù mẹ́ta, fi agolo sílẹ̀. Okùn kì í purọ́, kì í sì í gba owó ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì rò pé gbogbo gígan ni ti oríkèé. Bí gbogbo ara ẹṣin bá le bí igi, tí ìrù rẹ̀ nà, tí kò lè ya ẹnu jẹun, pàápàá bí ìṣó bá ti gún un ní pátákò, ó lè jẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ń pani. Bí pátákò bá gbóná, tí ó ń fara ti ẹ̀yìn kí ó má bàa tẹ ẹsẹ̀ iwájú, lẹ́yìn tí ó já wọ inú àpò ọkà, àrùn inú pátákò ni. Bí oríkèé kan bá wú tí ó sì gbóná lójijì, tàbí tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀ rárá, kò sí àkókò fún agolo. Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí a ń gún sí ara tàbí sí oríkèé, tí a ti dán wò gẹ́gẹ́ bí oògùn. Wọ̀nyẹn yàtọ̀ sí ìyẹ̀fun inú èèrí.

Oògùn tí ń pa ìrora, bíi phenylbutazone, ń pa á ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un láìní ìwọ̀n, a máa dá egbò sí inú ikùn, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí ó fún ẹṣin ní oògùn ìrora ní àárọ̀ kí ó lè gùn ún ní ọ̀sán, ó ti di ẹlẹ́rìí náà lẹ́nu ni, kò dá ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi ata pa ẹsẹ̀ ẹṣin. Ní ọdún 2008, ní eré Òlíńpíìkì ti ilẹ̀ Ṣáínà, a yọ àwọn ẹṣin kan kúrò nínú ìdíje nítorí pé a bá èròjà tí ń mú ata ta lára wọn. Bí ayé bá ka èyí sí àìtọ́ fún ẹṣin olówó iyebíye, kì yóò di ẹ̀tọ́ nítorí pé ẹṣin tiwa ni.

Ọ̀rọ̀ mi kẹ́yìn sí ọ̀dọ̀ àwọn olórí ìdílé àti àwọn olórí ẹgbẹ́ tí ń kó ẹṣin jáde ní ọjọ́ ọdún. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ẹ̀yin bá sọ pé ẹṣin tí ń tiro kì yóò jáde nínú ọ̀wọ́ yín, àwọn tí ń fi í háyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí owó wọn wà níbẹ̀. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ jẹ́ kí a fà á rìn níwájú yín. Ẹ wo orí rẹ̀: bí ó bá ń gbé e sókè ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú kan bá kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni ó ń dùn ún. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ dá a padà sí ìbùjẹ rẹ̀ láìbínú.

Ẹṣin dúdú tí mo sọ nípa rẹ̀ kò sáré mọ́. Ohun tí ó ti họ lára rẹ̀ ti họ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi pátákò rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó ra agolo rárá. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú ni ó ń rìn lọ sí odò ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, láìsí gàárì lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin náà níwájú, òun lẹ́yìn. Nígbà tí ó bá dé etí omi, a máa sọ orí rẹ̀ kalẹ̀ mu, a sì máa yí padà fúnra rẹ̀ láti gun òkè bọ̀ wálé. Èmi náà a máa bá wọn rìn nígbà mìíràn, oríkèé tèmi pẹ̀lú kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.